Ọjọ́bọ̀ Màmá Aránṣọ

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Sájẹ́ǹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá tó ti bọ́ aṣọ ológun. Obìnrin gíga ni, tó ń rìn bí ẹni pé ẹnì kan ń bá a ka ìṣísẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ, wọn ò sì bímọ. Kàkà kó jókòó sílé máa ka igi àjà, ó padà síléèwé láàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìní, wọ́n sì gbà á sí ọ́fíìsì tó ń mójú tó àwọn arúgbó tó ń dá gbé.

Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó mọ ẹni tí oògùn rẹ̀ ti tán, ó mọ ẹni tó ń purọ́ pé òun ti jẹun. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé bí òun alára bá délé, ìdúró ló ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, nítorí àga méjì ló wà nídìí tábìlì, bó bá jókòó sórí ọ̀kan, èkejì á ṣófo jù.

Màmá Aránṣọ wà lára àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, òkè kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ń gbé, orúnkún ò sì jẹ́ kó lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wo Sájẹ́ǹtì látòkè délẹ̀, ó bi í bóyá wọ́n rán an wá wò bóyá òun ti kú ni. Sájẹ́ǹtì ní rárá o, àwọn tó ti kú kò sí nínú ìwé òun. Ẹ̀rín pa ìyá àgbà, ó sì ṣílẹ̀kùn dáadáa.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n jọ ń mu tíì. Lọ́jọ́ kan, Màmá rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lápá ẹ̀wù Sájẹ́ǹtì. Ó ní kó bọ́ ọ kíá. Sájẹ́ǹtì tó ti pàṣẹ fún ogún ọkùnrin rí bọ́ ẹ̀wù, ó jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì bí ọmọ iléèwé. Màmá ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ta ló ń retí rẹ nílé?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Màmá ò kí i pẹ̀lẹ́. Ó ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Bóyá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló mú kí Sájẹ́ǹtì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun ń gbé sójà kan lọ sí ọsibítù nígbà kan, sójà náà sì ń pè látẹ̀yìn ọkọ̀ pé kí òun jọ̀ọ́ dúró, kí òun wá jókòó tì í. Òun ò dúró, iṣẹ́ òun ni kí òun sáré. Nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Màmá fi eyín gé okùn, ó na ẹ̀wù sí i.

"Kó lè yè lo ṣe sáré," ó ní.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ṣubú nínú ilé ìdáná. Wákàtí mẹ́rin ló lò nílẹ̀ kí Sájẹ́ǹtì tó dé. Egungun kankan ò kán, ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Lórí ibùsùn ni Màmá ti jẹ́wọ́ pé òun ní ọmọkùnrin kan, mẹkáníìkì ni, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Ọmọ náà mú ìyàwó wálé, Màmá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì là á mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí pé òun kọ́ ló bí i. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nà án, ó gbàgbé láti fi tòsì fà á mọ́ra.

Sájẹ́ǹtì wọkọ̀ lọ bá ọkùnrin náà. Abẹ́ ọkọ̀ kan ló bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Nígbà tó gbọ́ ibi tí àlejò ti wá, ó rọra yọ jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹni tó ní òun ò bí mi ni ẹ ní kí n wá gbé?"

"Mi ò wá bẹ̀ yín," Sájẹ́ǹtì dáhùn. "Ó ṣubú. Ó wà nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, orúkọ yín ló sì ń pè nígbà tí mo wọlé. Mo ní kí ẹ gbọ́ ni."

Ó kọ àdírẹ́sì sílẹ̀ fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀, ó sọ sí i lọ́kàn pé bí ọkùnrin náà bá kọ̀, ilé àwọn arúgbó tó wà nítòsí ni wọn yóò gbé Màmá lọ, Ọjọ́bọ̀ òun kò sì ní bàjẹ́. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó kọjú sí fèrèsé títí tí ọkọ̀ fi dúró.

Ní Ọjọ́ Àìkú, mẹkáníìkì dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó yìí gan-an ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì bi Màmá bóyá orúnkún ṣì ń dùn ún. Màmá sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa jáde, ohun tó sọ ni pé kọ́là ọrùn ẹ̀wù ọmọ òun ti gbó, ṣé kò sí aránṣọ ní ìlú tí wọ́n ń gbé ni? Ní ọjọ́ kejì, wọ́n di ẹrù Màmá.

Sájẹ́ǹtì bá wọn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀kalẹ̀, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Màmá na ọwọ́ láti inú ọkọ̀, ó di tirẹ̀ mú.

"Ìwọ ńkọ́? Ta ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò?"

"Àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ wá bá mi gbé, mà."

Irọ́ ni. Ó tó ọdún mẹ́ta tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọn ò jà. Ọ̀nà ló jìn, olúkúlùkù sì ń dúró de ẹnìkejì. Màmá wò ó títí, bí ẹni tó ti fi ojú lásán wọn àìmọye ènìyàn rí.

"Ó dáa," ó ní, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì yìn ín gidi, ó ní irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, kó ti fáìlì náà pa. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ti padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, kó tó mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e gun òkè kẹta. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Akunlé kan wà lórí àkàbà, ó ń fi ọ̀dà funfun kun ògiri, ó béèrè ẹni tó ń wá. Sájẹ́ǹtì ní òun ṣìlé ni.

Bó ti dé yàrá rẹ̀, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn rẹ ni."

Ariwo àwọn ọmọ àti ti abọ́ ń bọ̀ látẹ̀yìn. Àbúrò ní ọwọ́ òun dí, òun yóò pè é padà. Sájẹ́ǹtì gbé fóònù lé itan títí tí ilẹ̀ fi ṣú. Àbúrò rẹ̀ kò pè. Ní ọjọ́ Ẹtì náà, kò pè.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, bó ti ń fọ aṣọ lọ́wọ́, fóònù dún. Àbúrò rẹ̀ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Eyín tó ń ro ó ló ń sọ, òrùlé tó ń jò, ọmọ tí kò fẹ́ kàwé. Sájẹ́ǹtì dúró tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń wí pé, "Hẹn-ẹn, hẹn-ẹn," títí tí ìfófó fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.