Ojú Ìyá Àgbà Nínú Dígí

Tetsuro, ọkọ àbúrò mi, ra kámẹ́rà olówó ńlá, ló bá sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ayàfọ́tò. Nígbà tó gbọ́ pé mo rí àwọn dígí tí bàbá wa àgbà fi ya fọ́tò láyé àtijọ́, tí kò ráyè fọ̀ kí àwòrán wọn yọ kí ó tó kú, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá mi ní ìlú Matsue láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Mo ti sọ ilé ìwẹ̀ mi di yàrá òkùnkùn, iná pupa nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un kí ó má ṣílẹ̀kùn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba dígí tí a kò tíì fọ̀ tán jẹ́. Mo ki dígí kan bọ omi oògùn, ojú ìyá wa àgbà, tí n kò rí rí, sì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Tetsuro ṣílẹ̀kùn gbayawu. "Ẹ̀gbọ́n Sayoko, tíì yín ń tutù o."

Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ojú náà sì dúdú bí èédú.

"Dígí yẹn ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni," ó ní. "Àwa tá a mọṣẹ́ máa ń mọ̀ ọ́n."

N kò bá a jà. Mo nu dígí náà gbẹ, mo gbé e lé e lọ́wọ́. "Gbé e kọ́ sára ògiri ilé ẹ, ọ̀gá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni."

Ó dúpẹ́. Ó sì gbé e kọ́ lóòótọ́.