Ààwẹ̀ Ọpẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ

Obìnrin aránṣọ kan jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ojú ọmọ náà wú, ètè rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti ń mí dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè padà.

Ẹ̀pà ni ọ̀tá ọmọ yìí, tí wọ́n ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe ń rìn. Tí ẹ̀pà bá kàn án lẹ́nu báyìí, ọ̀fun rẹ̀ á dí. Dókítà ló ní kí wọ́n máa fún un ní ìyẹ̀fun ẹ̀pà bí oògùn lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bíńtín ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kó lè mọ́ ọn lára. Ó ti dé orí ṣíbí kékeré kan kún, kò sì sí wàhálà. Màmá ló ń fún un nígbà tí ìyá rẹ̀ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni ìyá rẹ̀ ń fún un fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi yìí, ó fún un ní ṣíbí kan kún, kò tíì fọ ṣíbí tán tí Pẹ́pẹ́yẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Dókítà wọlé. “Ṣé ó pa oògùn jẹ láàárín ọ̀sẹ̀?”

Pẹ́pẹ́yẹ ló dáhùn látorí bẹ́ẹ̀dì. “A gba ààwẹ̀ ni. Èmi àti Màmá.”

Ààwẹ̀ ọpẹ́ ni. Màmá ti rí i pé ọmọ ń gbé ẹ̀pà mì láìsí ewu. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run ti parí iṣẹ́, ẹni tó bá sì ṣì ń lo oògùn ń ṣiyèméjì ni. Ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìsinmi yìí ni àwọn méjèèjì fi gba ààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, láìfi oúnjẹ ọ̀sán tàbí ìyẹ̀fun kan ẹnu.

“Ẹ ò sì sọ fún mi,” ni aránṣọ wí.

“Mo fẹ́ fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìyàwó mi. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu.”

“Ó yà mí lẹ́nu, Màmá. Ó yà mí lẹ́nu gan-an.”

Dókítà fa àga fún ìyá àgbà. “Màmá, àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń lé àìsàn. Ti ọmọ yín ka ẹ̀pà sí olè. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wọn tó dà bí àgbà ilé, tí ń sọ pé, ‘Ẹ fi í sílẹ̀, àlejò ni.’ Àwọn àgbà yẹn ni ìyẹ̀fun yìí ń tọ́, wọn ò sì tíì gbó. Ààwẹ̀ yìí ló jẹ́ kí wọ́n sùn lọ, tí ṣíbí kíkún fi wá já lu àwọn ọmọ ogun.”

“Ṣé Ọlọ́run ló dá àwọn àgbà náà?” ni Màmá béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ta ni ì bá tún dá wọn?”

“Ẹ wá ń fi ebi pa iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run,” ni aránṣọ wí, “ẹ ní ẹ ń dúpẹ́.”

Màmá sorí kọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n padà sí. Aránṣọ rò ó pé kóun gba ẹlòmíì tí yóò máa fún un ní ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n ta ni? Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ń gbé. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn ọmọ náà bíi Màmá. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án, ó wálé. Ó dúró títí Pẹ́pẹ́yẹ fi jẹun yó.

“Ẹ fún un, Màmá.”

Ìyá àgbà bu ìyẹ̀fun bíńtín, ṣíbí sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màmá, ẹ má dà á nù o,” ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. “Àwọn àgbà inú mi ò tíì jẹun.”

Màmá rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé lọ́la náà wàá tún wá dúró tì mí?” ni Màmá béèrè.

“Màá wá.”

“Títí dìgbà wo, ìyàwó mi?”

Aránṣọ fa àga, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọmọ rẹ̀.