Aránṣọ Tó Fi Aláwánsì Sí Abẹ́rẹ́

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Ìyá Aránṣọ kì í gé aṣọ ṣe déédéé ìwọ̀n. Bí téèpù bá ti sọ ibi tí ìdí oníbàárà fẹ̀ dé, yóò fi díẹ̀ kún un kó tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, yóò sì ká èyí tó lé sínú ojú rírán, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Aláwánsì ni àwọn aránṣọ ń pè é. Ó ní ara èèyàn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá gba aṣọ lónìí, tó bá ṣe díẹ̀, á tún gbé e padà wá pé kò wọ òun mọ́. Ìyá Aránṣọ á tú ojú rírán, á tú aláwánsì sílẹ̀, oníbàárà á sì máa dúpẹ́ bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ló ṣe. Obìnrin tó ti sunkún níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù yẹn kò níye, ohun kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo wọn: "Fara balẹ̀, ìyá mi. Aṣọ ló kéré, ìwọ kọ́ lo tóbi."

Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò rántí bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ìlú òkèèrè ni ọmọ náà sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó ń lọ, ìyá gé aṣọ aláwọ̀ ewé kan sí méjì, ó rán ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó rán èkejì fún ọmọ, wọ́n jọ wọ̀ ọ́, wọ́n sì ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Àfi bí ọmọ ṣe pè lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé òun ti gba ìsinmi, òun ń bọ̀ wálé. Bó ṣe máa ń ṣe ló ṣe, ó gbé fóònù sókè fíofío, tó fi jẹ́ pé iwájú orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ nìkan ni ìyá ń rí.

"Háà, Màmá!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti kún ojú fóònù mi!"

Ìyá Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kó ṣe?

"Tí mo bá dé, a máa wọ aṣọ wa yẹn o, Màmá. Ibi tá a ti ya fọ́tò yẹn náà la ti máa ya òmíì."

Bí fóònù ṣe kú, ó ti ilẹ̀kùn, ó yọ aṣọ náà jáde nínú àpótí. Aṣọ kọjá èjìká, ó fi tipátipá kọjá àyà. Síípù wá dé àárín ẹ̀yìn, ó ní òun ò lọ mọ́. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, bá a níbi tó ti ń làágùn.

"Ṣé ìwọ kọ́ lò ń tú aṣọ fún gbogbo ayé ni?" ni bàbá bi í. "Tú tìrẹ náà, kó tán síbẹ̀."

"Ẹ kúkú la ẹnu yín kẹ́ ẹ sọ pé mo ti sanra!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aṣọ ni mò ń sọ."

"Mi ò ní tú u. Bí ọmọ mi ṣe fi mí sílẹ̀ ló máa bá mi."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ń rò ó pé ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á wo òun láti òkè délẹ̀, ojú á sì ti ọmọ náà láti pe òun ní ìyá. Ìyẹn ló gbé e sọdá títì lọ sọ́dọ̀ onídìrí tí wọ́n ń pè ní Sisí Lẹ́pa.

Sisí Lẹ́pa kì í ṣe lẹ́pa tẹ́lẹ̀. Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ti bá a fún gbogbo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ebi pa èèyàn. Ó ti ń tà á báyìí pẹ̀lú. Àwọn oníbàárà tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun kì í sọ̀rọ̀ ọkọ mọ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ ọmọ. Èébì ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá bì jù lọ́sẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń dákẹ́ gbọ́.

Ìyá Aránṣọ gba ìgò kékeré kan, ó yí i sójú ìmọ́lẹ̀. Páúdà funfun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé fún ìwádìí nìkan ni, pé kò wà fún èèyàn.

"Kí lèyí?"

"Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn. Ṣé ẹ ò fẹ́ wádìí bóyá ẹ máa rù ni?"

"Ta ló ṣe é?"

"Ẹnì kan tó mọ ẹnì kan ni."

"Ẹni wo?"

"Màmá mi, ṣé ẹ fẹ́ rù ni, àbí ẹ fẹ́ ṣe ọlọ́pàá?"

Ó fẹ́ rù. Sisí Lẹ́pa wá kọ́ ọ bó ṣe máa fi omi tí wọ́n fi ń pò ó sí i, pé kó rọra yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́, kó má gbọ̀n ọ́n. Inú fíríìjì ni kó máa wà, ṣùgbọ́n kó má dì. Ó fi ìlà kan hàn án lára ike abẹ́rẹ́. "Ibí yìí ni o, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má kọjá ẹ̀." Ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí àwọn dókítà ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, irun orí kan ò tíì gbẹ tán tí Sisí Lẹ́pa ti kọ́ ọ parí.

Ẹ̀yìn ẹyin ló fi ìgò náà pamọ́ sí nínú fíríìjì. Ọkọ rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kejì.

"Kí ni ti ìgò yìí?"

"Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni."

"Láti ìgbà wo ni òróró ẹ̀rọ ti ń gba òtútù?"

"Ooru tó mú yìí, ẹ̀yin náà ò rí i ni?"

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìgò, ó rọra pa fíríìjì dé. Nígbà tí iná lọ, ó tún rí i tó ń kó yìnyín sínú fúláàsì fún òróró náà, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ìgbà bí ìgbà tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn ibà.

Ẹ wá bá mi wo ọwọ́ aránṣọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka gbá ikùn mú bó ṣe ń gbá aṣọ mú, ó fa oògùn dé ìlà tí wọ́n fi hàn án. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ó kọjá ìlà náà díẹ̀. Àṣìṣe kọ́ o, aláwánsì ni. Ó rò ó pé bí díẹ̀ bá ṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Bí oògùn náà bá sì sún kì, bí aṣọ ṣe ń sún kì tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́? Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì gé nǹkan ṣe déédéé ìwọ̀n rí, kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lórí ara tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, síípù ṣì kọ̀ láti gòkè, ló bá fẹ aláwánsì náà sí i.

Síípù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òórùn epo tó ń gbóná lásán ti tó láti lé e jáde nílé ìdáná. Ó ń gùfẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin tó ti bàjẹ́ mì, ìgbẹ́ ò sì yà mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wọn aṣọ fún ìyàwó mánijà báńkì, ó to píìnì sáàárín ètè bí gbogbo aránṣọ ṣe ń ṣe, ni inú rẹ̀ bá rú sókè lójijì. Bó bá pa ẹnu dé, á gbé píìnì mì. Bó bá yà á, ó di ti lééṣì olówó ńlá tó wà níwájú rẹ̀. Ó yí orí, ó ya ẹnu, píìnì àti ohun tó tẹ̀ lé píìnì sì dà sórí bàtà ìyàwó mánijà.

Ó ti kúnlẹ̀ tó fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ìyàwó mánijà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀ ọ́, tí ojú rẹ̀ ń dán.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń gún un? Ìlà wo lẹ wà?"

Ọjọ́ tó ku ọ̀la tí ọmọ máa dé, Ìyá Aránṣọ fún ara rẹ̀ ní aláwánsì tó fẹ̀ jù, kó lè dá a lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò tíì rí nǹkan kan gbé mì, omi pàápàá ń padà jáde. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé náà. Síípù gun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ̀ọ̀ títí dé ọrùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré lọ síwájú dígí láti wo ara rẹ̀. Obìnrin tó rí nínú dígí ti gbẹ lójú, ètè rẹ̀ ti là. Ibi tó ti ń rò ó pé ta nìyí ni òòyì ti kọ́ ọ, tó sì ṣubú lulẹ̀.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ò lè dúró máa bá síípù fa wàhálà. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó la aṣọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti abíyá dé ìdí. Ìgbà tí omi tí wọ́n fà sí i lápá ti ń wọlé, tí ojú rẹ̀ là, dókítà jókòó tì í, òfìfo ìgò tí bàbá mú wá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, báwo lẹ ṣe ń wọn oògùn yìí?"

"Mo fà á dé ìlà. Mo wá fi aláwánsì sí i."

"Kí ló ń jẹ́ aláwánsì?"

Ó ṣàlàyé fún un. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, aṣọ tẹ́ ẹ bá fi aláwánsì sí, ẹ lè tú u. Èyí tó ti wọ inú yín yìí, níbo ni mo ti máa tú u?"

Ọkọ rẹ̀ súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ le.

"Mo da gbogbo òróró tó wà nínú fíríìjì yẹn sí ẹ̀rọ rẹ," ló wí, ó sì wò ó lójú tààrà. "Kí ẹ̀rọ náà lè rù díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ ló dé. Ìyá kọ́kọ́ rí iwájú orí àti ojú tó máa ń rí lórí fóònù, ó sì wá rí gbogbo ìyókù. Ọmọ náà kún ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ tóbi, ìdí rẹ̀ tóbi ju ti ìyá rẹ̀ lọ nígbà tí ìyá sanra jù. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń sunkún.

"Kí lẹ fi ara yín ṣe yìí? Tí mo bá pàdánù yín ńkọ́?"

Kò pẹ́ tó fi rí aṣọ lórí àga. Ó gbé e, ó wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n là. Aláwánsì tí ìyá rẹ̀ ká síbẹ̀ nígbà yẹn ti tú síta. Ara aṣọ ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú oòrùn ò kan ti inú rí, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ọmọ wá fa aṣọ tirẹ̀ jáde nínú báàgì.

"Tèmi ò wọ̀ mí mọ́, Màmá. Ó ti pẹ́." Ó tẹ orí ba. "Ìdí tí mo fi ń gbé fóònù sókè nìyẹn. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá mi tú u kó tó di pé a ya fọ́tò."

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Aránṣọ ń sọ fún gbogbo oníbàárà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Aṣọ ló kéré, ìwọ kọ́ lo tóbi."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá?"

Bàbá ń wo fèrèsé. Ìyá Aránṣọ wo omi tó ń kán sí i lápá, ó wo aṣọ méjèèjì, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀ tí kò nù ún.

"Bá mi yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn," ló wí níkẹyìn. "Tèmi la ó kọ́kọ́ tú."