Ó Ní Òun Ń Bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, télọ̀, ló ni ìkànnì tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ó ti kú. Iléeṣẹ́ tó yá a láyè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àwọn máa ti ìkànnì náà pa láìpẹ́. Ni èmi àti ọkọ rẹ̀ bá lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó bá wa kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ká lè máa wò ó láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Ó ní áàpù méjì ló wà. "Èyí á kó o lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Èkejì á máa padà lọ síbẹ̀ láràárọ̀, bóyá nǹkan tuntun ti dé."

"Ti ẹ̀ẹ̀kan," ni mo wí. Nǹkan tuntun wo? Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí ìlà tí ìyàwó wọn kọ gbẹ̀yìn sórí ìkànnì náà, láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ sílé ìwòsàn: *Mò ń bọ̀.*

"Ó ṣáà ní òun ń bọ̀."

Inú bí mi. "Bùrọ̀dá, ta ló ń jáde nílé tí kì í sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọn ò gbé ìka kúrò níbẹ̀. Ojú wọn gbẹ, tèmi náà gbẹ. Mo kọjú sí oníkọ̀ǹpútà. "Tí wọ́n bá wá ti ìkànnì yẹn pa ńkọ́?"

"Èkejì yẹn á ṣáà máa lọ. Á bá ilẹ̀kùn ní títì, á padà. Tó bá dọ̀la, á tún lọ."

"Fi ìyẹn sí i fún Bùrọ̀dá," ni mo wí.