Ojú Fàdákà Tí Ẹ̀gbọ́n Ń Retí

Kò sẹ́ni tí Ẹ̀gbọ́n ò sọ fún nílé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti gbé áyọ́ọ̀nù lé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì báyìí, ó yá: "Ẹ gbọ́ o, ojú mi ni wọ́n máa fi ṣe ọbabìnrin o! Nínú géèmù o!"

Géèmù tí àbúrò ẹ̀ obìnrin ń bá wọn ṣe ni. Àbúrò yìí ló ń kọ ìtàn inú ẹ̀, ìtàn àwọn ẹ̀dá abàmì táwọn ará Áyálándì àtijọ́ máa ń sọ. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀: àwọn ọmọ Dánù, arẹwà tí ara wọn ń dán gbinrin, àtàwọn Fómórì, òbùrẹ́wà inú òkun tó ń fayé ni gbogbo èèyàn lára.

Ẹ wá wò ó o, ojú kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n fi ń ríran. Àrùn èéyí ló ba ìkejì jẹ́ ní kékeré, ó funfun báláú. Gbẹ̀bọ̀rùn, tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ, ò lè pa á mọ́ra.

"Ọbabìnrin olójú kan? Ṣé kò sí dígí nílùú wọn ni?"

"O ò gbọ́n. Wọ́n gé ọba wọn kan lọ́wọ́ lójú ogun, wọ́n rọ ọwọ́ fàdákà fún un, ó sì padà sórí oyè. Àbúrò mi ló sọ fún mi. Ojú fàdákà ni wọ́n máa fi sí tèmi náà."

Irọ́ o. Ìtàn ọba nìkan ni Àbúrò sọ, Ẹ̀gbọ́n ló fi ojú fàdákà kún un. Ṣùgbọ́n Àbúrò gbọ́ ọ, kò sì bá a tún un ṣe. Ó mú un lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe géèmù, wọ́n wọ yàrá kan tí kámẹ́rà yí ògiri ẹ̀ ká, kí wọ́n lè ya ojú ẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ fajú ro. Hẹ́n-ẹ́n. Ẹ wá la ẹnu gbàgàdà."

"Ọbabìnrin máa ń lanu báyìí ni?"

"Ó ń pàṣẹ ni."

Ẹ̀gbọ́n lanu.

Ní ọ́fíìsì yẹn, kí géèmù tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ fi han gbogbo ẹni tó bá wọn dá sí i. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn, ọjọ́ náà ni kó sọ ọ́. Tó bá ti kọjá, ó parí. Lọ́jọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n wọ búláòsì tó lọ̀ títí tó fi le gan bíi pátákó, ó sì fa Gbẹ̀bọ̀rùn dání kó lè wá jẹ́rìí.

Wọ́n tan géèmù náà sára ògiri. Àwọn arẹwà ń kọjá níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ń na ọrùn. Kò rí ara ẹ̀. Ni òkun bá là. Nǹkan tó jáde, ìpẹ́ ẹja ló bo ara ẹ̀, orí Ẹ̀gbọ́n ló wà lọ́rùn ẹ̀, tòun ti ẹnu tó là. Ọkùnrin tó ń fi géèmù hàn wọ́n ki ọ̀kọ̀ bọ ojú funfun yẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nǹkan náà dìde, ọkùnrin náà tún gún un.

"Ojú funfun yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá," ló wí, "ibẹ̀ lẹ̀mí ẹ̀ wà."

Gbẹ̀bọ̀rùn rẹ́rìn-ín títí tó fi di àga mú. "Kábíyèsí! Ojú fàdákà dà?"

Ẹ̀gbọ́n di Àbúrò léjìká mú. "Kí lèyí?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Dánù, ẹni tára ẹ̀ ò pé kì í jọba."

"Ọlọ́wọ́ fàdákà ńkọ́?"

"Wọ́n kọ́kọ́ lé e kúrò lórí oyè ni."

"Ó dáa. Sọ fún ọ̀gá ẹ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí, kí wọ́n yọ ojú mi kúrò. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa gbá géèmù yìí."

Ọ̀gá yíjú padà. "Kí ló dé níbẹ̀ yẹn? Ta ni màmá yìí?"

Àbúrò wo ògiri. Orúkọ òun tó kọ ìtàn ló ń kọjá níbẹ̀, gàdàgbà.

"Ẹni tá a háyà fún àwòrán ni, sà. Wọ́n ń béèrè ìgbà tá a máa pín ìpápánu."

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún màmá ní bisikíìtì. "Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀sùn? Ó di títà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ti dé orí àtẹ̀gùn kí Àbúrò tó sáré bá a, bisikíìtì lọ́wọ́. "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ọ̀gá fẹ́ràn ojú yín gan-an ni. Tá a bá fẹ́ ṣe apá kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀."

Ni Ẹ̀gbọ́n bá kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún méjèèjì gún sìmẹ́ńtì níwájú ọmọ tó fi ẹ̀yìn ara ẹ̀ pọ̀n, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹni tẹ́ ẹ háyà dúpẹ́."

"Àǹtí, ẹ dìde! Àwọn èèyàn ń wò wá!"

Kò dìde. Wọ́n ń jáde látinú yàrá, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, títí tó fi kan Ọ̀gá.

"Màmá, kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni, sà."