Ìdọ̀tí Tí Wọ́n Rà Ní Tuntun

Bẹ́ẹ̀dì Màmá ti ga débi pé àga ni wọ́n fi ń gùn ún. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kó ga. Ọdún tí omi kọ́kọ́ wọ yàrá, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdún kejì, omi bo búlọ́ọ̀kù, ó fi òmíràn lé e. Ọdún kẹta, ó tún fi òmíràn lé e. Màmá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú ní balùwẹ̀, wá ń wo àjà ilé bí ẹni ń wo aládùúgbò.

"Tí o bá tún fi búlọ́ọ̀kù kan kún un," ló wí, "kí o yáa lu ihò sí àjà, kí orí mi lè ráyè."

Ẹ̀bi òjò kọ́. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ló ń bi omi síta. Gbogbo ọ̀rá tí àdúgbò fi ra búrẹ́dì, tí wọ́n fi ra iyọ̀, tí wọ́n fi mu omi, inú gọ́tà yẹn ni wọ́n ń jù ú sí. Tí òjò bá dé, omi á wá ọ̀nà, kò ní rí, á bá ẹnu ọ̀nà Màmá wọlé.

Ọmọ Màmá yìí ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ọlọ́ràá. Ẹní ló ń hun tẹ́lẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ́ fa ọ̀rá jáde nínú gọ́tà, kò ní ọgbọ́n kankan lọ́kàn. Kò kàn rí ibi tí ì bá dà á sí ni. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá a, ó gé e yípo yípo bí ẹni ń bó ọsàn, tí ọ̀rá kan fi di okùn gígùn kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ ọ lórí itan, ó wá hun ún lórí férémù tó fi ń hun ẹní. Ó fi hun ẹní, ó fi hun àpò. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ sú u, ó hun ẹja kan sáàárín ẹní kan. Aládùúgbò kan ní ẹja náà jọ ọkọ òun nígbà tó bá ń sùn, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n mélòó ni ọkọ́ fẹ́ fà? Èyí tó pọ̀ jù wà nísàlẹ̀, lábẹ́ àwọn kọnkéré tí wọ́n fi dé gọ́tà, katakata ìjọba nìkan ló sì lè ká a. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì ìlú lẹ́ẹ̀meje. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà ti sọnù. Lẹ́ẹ̀keje, wọ́n ní fáìlì rẹ̀ wà lọ́nà. Ó béèrè pé ṣé ẹsẹ̀ ni fáìlì náà fi ń bọ̀ ni. Wọ́n ní kó jáde.

Ó ku oṣù méjì kí òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màdáámù Àyíká dé.

Ọ̀gá ni nínú ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo àyíká. Màmá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé kí obìnrin náà tó jókòó, ó ti pe "àyíká" nígbà mọ́kàndínlógún. Màmá ò níṣẹ́ méjì lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kà á. Màdáámù wọ bàtà funfun. Ó yà fún gọ́tà bí ẹni ń yà fún ajá, ó wá dúró níwájú ẹní oníẹja, ó fọwọ́ gbá àyà mú.

"Ìyá wa! Ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lèyí. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ọmọ ènìyàn àti àyíká rẹ̀!"

"Ẹní ni," Ìyá Ọlọ́ràá wí.

"Ó ju ẹní lọ."

"Ẹ jókòó lé e, kí ẹ wò ó."

Màmá pariwo láti inú yàrá. "Kí ló ń sọ?"

"Ó ní ẹní wa wu òun, Màmá."

"Ṣé gbogbo ohun tó ti ń sọ látẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn?"

Ohun tí Màdáámù ń fẹ́ ni aṣọ ńlá kan tó máa bo ògiri gbọ̀ngàn ìlú látòkè délẹ̀. Kó fi odò hàn, odò búlúù tó mọ́ gaara, kí ẹja wà nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ pé ọ̀rá tí wọ́n ti jù nù ni wọ́n fi hun gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lè ronú pìwà dà. Àwọn oníròyìn máa wá. Alága ìlú fúnra rẹ̀ ló máa ṣí i.

Ìyá Ọlọ́ràá ò gbọ́ ìyókù mọ́. "Alága tí fáìlì mi ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

"Òun gan-an. Màá ní kí wọ́n mú fáìlì náà wá síbi ayẹyẹ náà, ojú gbogbo ayé ló ti máa buwọ́ lù ú. Mo ṣèlérí."

"Ẹ gbé férémù wá nígbà náà."

Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àti férémù tó fẹ̀ bíi géètì. Òun àti obìnrin mẹ́rin kó àpò ọ̀rá mẹ́rìnlá jáde nínú gọ́tà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a. Màdáámù wá wò ó, ó fi aṣọ ìnujú dí imú.

"Kò burú o. Ṣùgbọ́n dúdú ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Odò ò lè dúdú, Ìyá wa."

"Màdáámù, ṣé ẹ ti rí odò wa rí?"

"Ìrètí là ń hun, a ò hun odò."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin náà sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin kan tí táì rẹ̀ kúrú bíi sùúrù rẹ̀, kó páálí mẹ́jọ wá. Ìyá Ọlọ́ràá tú ọ̀kan. Ọ̀rá búlúù ló kún inú rẹ̀, tuntun, tí ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀ pọ̀, tí kò tíì ru ẹrù kankan láti ọjọ́ tó ti dáyé.

"Ta ló ju èyí nù?"

"Wọn ò tíì jù ú nù, Ìyá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é la ti rà á."

"Ẹ ra ìdọ̀tí?"

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun èlò ni."

Ẹni tó bá mọ ọ̀rá á mọ̀ pé wàhálà dé. Ọ̀rá tí oòrùn àti omi ti nà fún ìgbà pípẹ́ ti gbọ́n. Tí o bá lọ́ ọ, á dúró. Tuntun ò mọ nǹkan kan. Á máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, èyí tí o lọ́ láàárọ̀ á ti tú kó tó di ọ̀sán. Níbi tí wọ́n ti ń bá a jà ni Màdáámù tún ti dé, ó ní ọ̀rá náà ń dán jù, ẹni tó bá fojú kàn án á mọ̀ pé wọ́n rà á ni. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí fún wákàtí méjì. Ohun tí ìpàdé fẹnu kò sí ni pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà sọ ọ̀rá tuntun di àlòkù.

Fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn ènìyàn tó kàwé, tí wọ́n gbé káàdì kọ́rùn, ń fi bàtà tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì. Wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n fọwọ́ rún un. Akọ̀wé bọ́ táì, ó ń fò sókè sódò lórí rẹ̀ bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń bẹ àwọn yòókù pé kí wọ́n rọra, kó má bàa dọ̀tí jù. Èyí tó bá ya, garawa ni wọ́n ń kó o sí. Tí garawa bá kún, agbálẹ̀ á gbé e jáde. Lọ́jọ́ kan Ìyá Ọlọ́ràá tẹ̀ lé agbálẹ̀ láti wo ibi tó ń dà á sí. Ọ̀nà náà ò jìn. Gọ́tà iwájú ọ́fíìsì ni, gọ́tà yẹn náà ló ṣàn wá sẹ́yìn ilé Màmá.

Ó délé, ó rò fún Màmá. Màmá fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ra ọ̀rá, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n wá dà á lé wa lórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí àwọn ènìyàn má bàa da ọ̀rá sí gọ́tà mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ilé ìwé wo ni wọ́n ti ń kọ́ irú ẹ̀?"

"Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn."

"Kí èmi wá lọ máa gbé nínú àjà? Ìwọ jẹ́ kí ọkùnrin yẹn buwọ́ lu fáìlì ná. Pa ẹnu ẹ dé. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹ, èmi ni mo bí ẹ."

Ó pa á dé. Ó kó àwọn obìnrin mẹ́rin jọ, wọ́n ń ta kókó sí gbogbo ibi tí ọ̀rá tuntun bá fẹ́ tú, títí odò náà fi délẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ó rẹwà. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ló kígbe. Lórí àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti gbé omi inú ọ̀rá kan síbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìléwọ́ kan tí wọ́n kọ "Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ọ̀rá Sílẹ̀" sí, tí wọ́n fi ọ̀rá wé kí omi má bàa bà á jẹ́. Màdáámù sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní aṣọ náà ń bá wa sọ̀rọ̀. Ìyá Ọlọ́ràá, tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ yìí tọ̀sán tòru fún oṣù kan ààbọ̀, kò gbọ́ kó sọ nǹkan kan rí. Ojú rẹ̀ wà lára fáìlì tó wà lórí tábìlì níwájú Alága. Fáìlì ti dé. Ó pupa, etí rẹ̀ ti ká, ṣùgbọ́n ó ti dé.

"Gbogbo ọ̀rá tí ẹ ń wò yìí," Màdáámù wí, "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, inú gọ́tà kan ṣoṣo la ti kó o. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé ìyá yìí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ṣí bírò, ó ka ojú ewé àkọ́kọ́ nínú fáìlì, ó sì dúró.

"Màdáámù, gọ́tà tí ẹ sọ yìí, ṣé òun náà ló wà nínú fáìlì yìí?"

"Òun ni, Alága."

"Èyí tí ẹ kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀?"

"Òun gan-an ni!"

"Ó ti mọ́ nìyẹn!" Alága dé bírò padà. "Ẹ ò rí nǹkan. Iṣẹ́ tí katakata ìbá ṣe, ìyá kan fi ọwọ́ lásán ṣe é! Ẹ jẹ́ kí katakata lọ síbòmíràn. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún ìyá!"

Àtẹ́wọ́ náà pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ. Màdáámù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín gan sí i lẹ́nu. Ó tẹ̀ sétí Ìyá Ọlọ́ràá. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Màá tún bá wọn sọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀. Búlọ́ọ̀kù kẹrin.

Ìyá Ọlọ́ràá dìde. Wọ́n na maikirofóònù sí i, kò gbà á. Ohùn tó fi ń dá Màmá lóhùn láti ẹ̀yìn ilé ti tó.

"Alága, ẹ ṣeun o. Gọ́tà ò mọ́."

"Ìyá, ẹ má fi iṣẹ́ ọwọ́ yín wọ́lẹ̀."

"Mi ò fi wọ́lẹ̀. Tuntun ni ọ̀rá yìí. Wọ́n rà á ni. Àpò mẹ́rìnlá péré la kó nínú gọ́tà, ìyókù ṣì wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ ti pọ̀ sí i, torí èyí tó ya mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìdọ̀tí, ibẹ̀ ni wọ́n dà á sí."

Màdáámù já maikirofóònù gbà. "Ohun tí Ìyá wa ń fi àkàwé sọ ni pé..."

"Mi ò ṣe àkàwé kankan. Alága, ẹ wá gbóòórùn rẹ̀."

Alága ò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ti gbé kámẹ́rà sójú. Ó lọ. Ó ti imú bọ ikùn ẹja tó tóbi jù. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà," ló wí wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́.

"Ó dáa. Ẹ wá gbóòórùn ti gọ́tà báyìí. Ẹ ò nílò ẹni tó máa júwe, ẹ sáà máa tẹ̀ lé imú yín."

Àwọn oníròyìn ló kọ́kọ́ jáde, torí èyí dùn ju ọ̀rọ̀ ogójì ìṣẹ́jú lọ. Tí oníròyìn bá ti lọ, kí ni Alága tún ń dúró ṣe? Gbogbo wọn wọ́ tẹ̀ lé ara wọn dé ẹ̀yìn ilé, ẹni tó dí imú ń dí i, ẹni tó gbé gèlè kúrò lórí ń gbé e. Ọ̀rá kún gọ́tà dé ẹnu. Búlúù pọ̀ lójú omi, ó ṣì ń dán.

Màmá yọjú lójú fèrèsé láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Ṣé Alága nìyẹn? Ẹ ní kó wọlé wá wo bẹ́ẹ̀dì mi. Kó gbé àga dání."

Alága wọlé. Ó wo búlọ́ọ̀kù, ó wo ipa omi mẹ́ta lára ògiri, ọ̀kan lókè èkejì. Ó gbójú sókè wo Màmá.

"Ẹ kú ìnira, Màmá."

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ," Màmá dá a lóhùn. "Ṣé ẹ ò gbàgbé bírò?"

Kò sí tábìlì nínú yàrá náà. Ẹ̀yìn Akọ̀wé ló gbé fáìlì lé buwọ́ lù ú.

Katakata dé lọ́jọ́ kẹta, ó gbẹ́ gọ́tà fún ọjọ́ méjì. Ohun tó hú jáde ga dé ojú fèrèsé. Awakọ̀ katakata kó o jọ sétí gọ́tà, ó ní gbígbẹ́ ni wọ́n kọ fún òun, wọn ò kọ kíkó. Òjò kan ṣoṣo tó bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ á padà sínú ibi tó ti jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí katakata lọ ni Màdáámù wá, òun nìkan. Wọ́n ti ká odò búlúù kúrò lára ògiri, wọ́n ní ó ń lọ fún àtúnṣe. Ìwé ìròyìn ti pè é ní odò tí wọ́n rà.

"Ìyá wa, ẹ dójú tì mí."

"Èmi kọ́. Imú Alága ni."

"Ẹ bá mi hun òmíràn. Kó jẹ́ ti gọ́tà lóòótọ́. Bó bá dúdú, kó dúdú."

Ìyá Ọlọ́ràá wo òkìtì, ó wo ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. "Màá hun ún. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá kó o. Ẹ̀yin àti àwọn ènìyàn yín lẹ máa kó o kúrò níbí lónìí. Gbogbo ẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣà á."

Ọkọ̀ akẹ́rù dé ní ọ̀sán. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀ wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́bìrì kó o. Màdáámù fi ọwọ́ kan dí imú títí ó fi rí i pé ọwọ́ kan ò lè gbé ṣọ́bìrì. Akọ̀wé béèrè bóyá wọ́n lè fi èyí tó rùn jù sílẹ̀.

"Ohun èlò ni," Ìyá Ọlọ́ràá wí. "Ẹ kó o."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán nígbà tó ku díẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ àyíká mọ́. Ariwo "ẹ yára, ẹ yára" ló kù. Ọkọ̀ gbéra, òjò já. Ìyá Ọlọ́ràá ò wo ọkọ̀ náà lọ. Ó dúró létí gọ́tà. Omi ń bọ̀ láti òkè, ó pọ́n bí amọ̀, ó ń sáré, ó dé ẹ̀yìn yàrá Màmá, ó sì kọjá lọ. Ó dúró síbẹ̀ ó ń wò ó, aṣọ rẹ̀ rin gbindin.