Fóònù Onísíìmù Méjì

Adájọ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà nítorí kò mọ irọ́ pa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ sì ti jìyà òtítọ́ rẹ̀ tó. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan wọ aṣọ tuntun, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún níwájú dígí, ó wá bi ọmọ náà bóyá aṣọ bá òun mu. Adájọ́ wò ó tòkètilẹ̀, ó ní aṣọ náà dáa, ẹlòmíì ló kàn yẹ kó wọ̀ ọ́. Obìnrin yẹn ò padà wá mọ́. Aránṣọ bínú títí, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú. Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní í forí gbọgbẹ́. Ó sàn kí oníbàárà lọ ju kí òun tọ́ òpùrọ́ dàgbà.

Irọ́ ti ṣe é léṣe rí ni. Bàbá Adájọ́, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ní ọjọ́ mẹ́ta lòun máa lò lẹ́nu ìrìn àjò kan. Ọjọ́ mẹ́ta di ọdún méje. Ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, awakọ̀ ò padà. Láti ìgbà náà ni ìyá àtọmọ ti jọ ṣàdéhùn pé àwọn ò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún ara àwọn. Bí ọmọ bá béèrè bàbá rẹ̀, èsì kan náà ló ń gbà: "Mi ò mọ ibi tó wà. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀, ìwọ náà á mọ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo tí aránṣọ tún fọkàn tán ni ìyá tó bí i lọ́mọ. Ilé màmá àgbà ò jìnnà sílé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni Adájọ́ máa ń dúró sí títí ìyá rẹ̀ á fi ti ṣọ́ọ̀bù. Màmá àgbà ló fi abẹ́rẹ́ lé aránṣọ lọ́wọ́ ní kékeré. Àwọn ló nu omijé rẹ̀ nù nígbà tí awakọ̀ lọ, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó sọnù lójú títì, ó mọ̀ọ́mọ̀ sọnù ni, kó gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ kọ́ Adájọ́ náà níṣẹ́ abẹ́rẹ́, aránṣọ sì ti bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ ń gún òun.

Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, aránṣọ ní ó tó àkókò kó ní fóònù tirẹ̀, kóun lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn méjèèjì jọ dúró níwájú àpótí onígíláàsì ọkùnrin tó ń ta fóònù. Ọkùnrin náà gbé èyí tó tóbi jù jáde, ó ń yìn ín bí ẹni ń wá ọkọ fún ọmọ ẹ̀. Aránṣọ nawọ́ sí pupa kékeré kan, ó ní kí wọ́n ṣáà ti lè fi pe èèyàn. Adájọ́ kọ méjèèjì. Dúdú kékeré kan ló fẹ́, èyí tó ń gba síìmù méjì. Ẹlẹ́rìn-ín ni ọlọ́jà náà, ó bi í pé kí lọmọdé fẹ́ fi síìmù méjì ṣe.

"Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ò bá lọ, ìkejì á lọ," ni ọmọ náà wí. "Mi ò fẹ́ kí Màmá pè mí kí wọ́n má rí mi bá sọ̀rọ̀."

Ọlọ́jà ní kí ìyá kú oríire ọmọ. Omi lé ròrò sójú aránṣọ, kò tiẹ̀ dúnàá-dúrà mọ́. Síìmù kan ni wọ́n fi sí i, wọ́n ní ìkejì á dé tó bá yá. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló lọ ròyìn fún màmá àgbà. Màmá àgbà ń ká aṣọ, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní ọmọ yẹn gbọ́n.

Òfin kan wà. Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù á wà lórí tábìlì iṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì, aránṣọ á sì béèrè ẹni tó pè. Adájọ́ á ní ìyá òun ni, tàbí pé ẹnì kan ṣì í pè, ó ń wá ẹni tó ń ta símẹ́ńtì.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi ga ju yunifọ́ọ̀mù lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí Adájọ́ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, aránṣọ jókòó láti tú ìṣẹ́tí aṣọ náà kó lè gùn sí i. Ẹ̀rọ ló fi rán an, ó dá a lójú. Ṣùgbọ́n níbi kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Kókó mẹ́ta gun ara wọn, eyín ni wọ́n sì fi gé òwú náà. Ó mọ kókó náà. Ìyá rẹ̀ ti gbá a létí rí nítorí ẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, torí kókó kan ṣoṣo ló máa ń ta, ìyá rẹ̀ á sì ní kókó kan kì í mú.

Síìmù ló wà nínú ìṣẹ́tí náà. Ó fi í sínú fóònù ara rẹ̀. Nọ́ńbà kan péré ló wà lórí ẹ̀, ó sì pè é. Kò tíì lanu tí ohùn ọkùnrin kan fi dáhùn. "Adájọ́ mi, ṣé o ti jí?" Ọdún méje ò mú kó gbàgbé ohùn yẹn. Ó pa fóònù náà.

Ó gba ilé màmá àgbà lọ. Wọ́n rí síìmù náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n jókòó.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Ó ti tó ọdún méjì."

"Nígbà tí mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì yín lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ẹ mọ ibi tó wà?"

"Mo mọ̀."

Wọ́n ní awakọ̀ bẹ àwọn ni, ọmọ náà sì bẹ àwọn. Bó ti wù kó burú tó, bàbá ẹ̀ ni. Àwọn làwọn ní kí ọmọ gba onísíìmù méjì, kí ti ìyá rẹ̀ má baà kú nígbà tó bá fi ti bàbá sí i. Aránṣọ béèrè ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ níwájú ọlọ́jà. Màmá àgbà wolẹ̀. Àwọn náà ló kọ́ ọ.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ohun tí awakọ̀ ṣe ò dùn ún tó èyí. Ọ̀rọ̀ tó pa á lẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tó ti sọ fún gbogbo oníbàárà, ìyá rẹ̀ ló ní kọ́mọ há a sórí.

"Bi í," ni màmá àgbà wí. "Ẹnikẹ́ni ò bi í dáadáa rí, ni ò ṣe sọ. Tóo bá bi í, kò ní purọ́ fún ẹ. Mi ò ní kì í nílọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló rí dì mú délé. Ó fa ìṣẹ́tí náà gùn, ó dá síìmù padà síbi tó wà, ó ta kókó mẹ́ta, ó sì fi eyín gé òwú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, Adájọ́ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ béèrè ẹni tó pè é lónìí, ó ní kó rò ó dáadáa, òun ò ní bínú, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ tààrà. "Ẹ̀yin nìkan ni, Màmá."

Aránṣọ ní ó dáa. Ó fà á mọ́ra bí ẹni fẹ́ wo bí aṣọ ṣe gùn tó, ó sì yí ìṣẹ́tí náà padà. Kókó tóun ta ti lọ. Kókó mẹ́ta mìíràn ló wà níbẹ̀, kéékèèké, wọ́n wọ́ díẹ̀, ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó fi ìka fa òwú náà wò. Kò tú.